Ilẹ̀kùn Tí Káfíńtà Gbàgbé: Bí Olè Ṣe Ń Wá Ọ̀nà Ẹ̀yìn Wọ Inú Ẹ̀rọ

  

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́tẹ̀ yìí, tí ẹ bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ lè ní kí ló kan àwa nínú ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà. Ata la ń tà, aṣọ la ń tà, èlùbọ́ la ń wọ̀n. Bẹ́ẹ̀ lèmi náà ṣe rò tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nǹkan kan ṣẹlẹ̀ sí mi tó jẹ́ kí n lọ jókòó ti àwọn tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ, tí mo bi wọ́n léèrè, tí mo sì kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo fẹ́ fi tó yín létí, kí ohun tó ṣe mí má baà ṣe ẹlòmíì.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ MI

Ọjọ́ ọjà ni. Èrò pọ̀, mo ń ka ṣéńjì fún oníbàárà, ni fóònù mi bá dún. Ọkùnrin kan ló wà lórí ẹ̀, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù. Ó ní, "Ẹ káàsán mà. Láti ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín la ti ń pè. Láìná yín fẹ́ dákẹ́ lálẹ́ òní, a fẹ́ bá yín tún un ṣe." Mo ní kí ni kí n ṣe. Ó ní kí n tẹ àmì ìràwọ̀, kí n tẹ 21, kí n tún tẹ ìràwọ̀, kí n wá tẹ nọ́ńbà fóònù kan tó kà fún mi, kí n fi àmì # parí ẹ̀, kí n sì tẹ ibi tí a fi ń pe èèyàn. Mo tẹ gbogbo ẹ̀ bó ṣe wí. Fóònù kọ nǹkan sójú ẹ̀ lédè òyìnbó, n ò fara balẹ̀ kà á, oníbàárà ń dúró. Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣeun mà, ó ti parí." Ó ti parí lóòótọ́!

Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn ẹ̀ tí WhatsApp mi kọ̀ tí kò ṣí mọ́. Kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, àwọn mẹ́ta nínú àwa tí a jọ ń dá àjọ ti rí ìwé gbà látọ̀dọ̀ "mi" pé mo wà ní ọsibítù, pé kí wọ́n tètè fi owó ránṣẹ́ sí àkáǹtì kan. Àánú mi ṣe wọ́n, wọ́n fi ránṣẹ́. Ẹnì kan fi ₦40,000 ránṣẹ́, ìkejì fi ₦30,000, ìkẹta fi ₦15,000. ₦85,000 ló lọ báyẹn. Owó tòmátì, owó ẹja, owó orí ọjà ni o. Èmi kọ́ ni mo gbà á, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi gbà á. Ojú tì mí débi pé n ò lè gba ìsọ̀ wọn kọjá. Oṣù mẹ́rin ni mo fi dá a padà fún wọn díẹ̀díẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà ló là mí lóye. Ó ní, "Ìyá, olè yẹn kò fi nǹkan kan kún fóònù yín. Ọ̀nà tó ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́ ló ní kí ẹ ṣí fún òun." Ó ní àwọn tó ṣe ẹ̀rọ fóònù ti fi ètò kan síbẹ̀ tó lè darí ìpè láti nọ́ńbà kan lọ sí òmíràn. Ètò tó dára ni, tí èèyàn bá ń rìnrìn àjò ó lè wúlò. Àmọ́ kóòdù yẹn kò hàn lójú fóònù, ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ pé ó wà. Nígbà tí WhatsApp fẹ́ mọ̀ bóyá èmi ni mo ni nọ́ńbà mi, ó pè mí lórí fóònù láti ka nọ́ńbà mẹ́fà fún mi. Ìpè yẹn kò dé ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀dọ̀ olè ló já sí.

Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Ọ̀nà tó ti wà nínú ẹ̀ tipẹ́! Mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè pé, ṣé nínú fóònù nìkan ni irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà ni? Wọ́n ní rárá o. Wọ́n ní kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹ̀rọ tí kò ní in.

KÍ NI WỌ́N Ń PÈ NÍ DEBUG?

Ẹ jẹ́ ká fi ìsọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Káfíńtà tó ń kan ìsọ̀ fún yín, kò lè máa gba ẹnu ọ̀nà iwájú ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ gbé pákó wọlé. Ó lè fi pákó kan sílẹ̀ lẹ́yìn láì kàn án pa, kó lè máa gba ibẹ̀ wọlé, kó gba ibẹ̀ jáde, kó yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ohun tó burú ni pé kó gba owó iṣẹ́, kó kó irinṣẹ́ rẹ̀, kó lọ, kó gbàgbé láti kan pákó yẹn pa. Ẹ̀yin á máa fi àgádágodo ńlá ti iwájú lálaalẹ́, ẹ̀yìn á sì wà ní ṣíṣí sílẹ̀.

Báyìí gan-an ni àwọn tó ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe. Ètò yìí làwọn òyìnbó ń pè ní software, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ ohun tí yóò ṣe. Bí wọ́n bá ń kọ ọ́ lọ́wọ́, àṣìṣe máa ń wà nínú ẹ̀, wọ́n á ní "bug" wọ inú ẹ̀, ìyẹn kòkòrò. Debug wá ni kí wọ́n ṣa kòkòrò náà kúrò, gẹ́gẹ́ bí a ṣe ń ṣa kòkòrò kúrò lára ẹ̀wà ká tó gbé e kaná. Kí wọ́n lè rí kòkòrò ṣà dáadáa, wọ́n á ṣe ilẹ̀kùn kékeré kan sẹ́yìn, tí ẹ̀rọ á fi máa sọ àṣírí inú ẹ̀ fún wọn, tàbí tí á fi máa gba àṣẹ lọ́wọ́ wọn láì bèèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Tí iṣẹ́ bá parí, ó yẹ kí wọ́n dí i. Ibi tí wọn ò bá ti dí i ni wàhálà wà. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́ pé bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ ibẹ̀.

ARÀN TÓ WỌ KỌ̀ǸPÚTÀ AMẸ́RÍKÀ

Èyí tó lókìkí jù lọ nínú ìtàn irú nǹkan báyìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà lọ́jọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún 1988. Nígbà náà, bí 60,000 kọ̀ǹpútà ni wọ́n fojú bù pé wọ́n so pọ̀ mọ́ra lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ti yunifásítì ló pọ̀ jù, pẹ̀lú ti àwọn ológun àtàwọn ilé ìwádìí.

Ètò kan wà lórí púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà wọ̀nyí tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ sendmail. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Eric Allman ló kọ ọ́ ní yunifásítì California tó wà ní Berkeley. Iṣẹ́ rẹ̀ dà bí iṣẹ́ awakọ̀ tó ń bá wa gbé ẹrù láti ìlú kan sí òmíràn, àmọ́ lẹ́tà ló ń gbé láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Tí kọ̀ǹpútà méjì bá pàdé, wọ́n á kí ara wọn. Ọ̀kan á ní "ọ̀dọ̀ lágbájá ni lẹ́tà yìí ti wá", á tún ní "tàmẹ̀dò ni kí ẹ fún". Ìkejì á gbà á. Ó parí.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹni tó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ kò nílò. Ọ̀rọ̀ náà ni DEBUG. Tí ẹnikẹ́ni bá sọ DEBUG fún sendmail, tó sì jẹ́ pé wọn ò tíì dí ibẹ̀, olúwarẹ̀ lè ṣe nǹkan mìíràn. Níbi tó yẹ kó dárúkọ ẹni tó ni lẹ́tà, ó lè kọ iṣẹ́ tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe síbẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì ṣe é. Ẹ wò ó bí ìgbà tí èèyàn gbé lẹ́tà wá sílé yín, tí kò kọ orúkọ yín sí i, tó kọ ọ́ sẹ́yìn ẹ̀ pé "ẹ ṣí àpótí owó", tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín sì ṣí i. Àwọn tó ń tún sendmail ṣe ló ń lo ọ̀nà yẹn láti mọ̀ bóyá lẹ́tà ń dé bó ṣe yẹ. Ó wúlò fún wọn. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta kọ̀ǹpútà ló fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ tà fún aráyé.

Ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 22 kan tó ń jẹ́ Robert Tappan Morris, tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní yunifásítì Cornell, ló mọ̀ nípa ilẹ̀kùn yìí. Ẹ̀yin ìyá, ẹ gbọ́ eléyìí: bàbá tó bí i gan-an, iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà ló ń ṣe fún ìjọba Amẹ́ríkà! Ọmọ yìí kọ ètò kékeré kan tó lè dá rìn fúnra rẹ̀ láti kọ̀ǹpútà dé kọ̀ǹpútà. Wọ́n ń pe irú ẹ̀ ní aràn. Kò tú u sílẹ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Láti yunifásítì mìíràn, MIT, ló ti tú u sílẹ̀, kí wọ́n má baà mọ ibi tó ti wá.

Bí aràn náà bá dé ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà kan, yóò sọ DEBUG. Tí wọ́n bá ṣí fún un, ó ti wọlé nìyẹn. Àmọ́ kì í ṣe ilẹ̀kùn yìí nìkan ló ń kàn. Yóò gbìyànjú ilẹ̀kùn mìíràn, ètò kan tó ń jẹ́ finger, tó ní àléébù tirẹ̀. Yóò tún wò ó bóyá kọ̀ǹpútà náà ní aládùúgbò tó fọkàn tán, tí kì í bi í léèrè kọ́kọ́rọ́. Yóò sì tún máa dán password wò. Ó ní ọ̀rọ̀ 432 nínú àpò, tó ń dán wò lọ́kọ̀ọ̀kan, yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà gan-an tó máa ń kọ́kọ́ dán wò. Ẹ̀yin tí ẹ fi orúkọ àkọ́bí yín ṣe password, ṣé ẹ ń gbọ́?

Kò jí owó, kò sì pa nǹkan tí wọ́n kọ pamọ́ rẹ́. Àmọ́ àṣìṣe kan wà nínú ohun tí ọmọ yìí ṣe. Ó yẹ kí aràn kọ́kọ́ bèèrè bóyá aràn mìíràn ti wà nínú kọ̀ǹpútà tó bá wọ̀, kó má baà di méjì. Ṣùgbọ́n ó rò pé àwọn èèyàn lè purọ́ fún aràn òun, ó wá ní kí ó jẹ́ pé nínú ìgbà méje, ẹ̀ẹ̀kan ni kò ní gbọ́, yóò dúró bó ti wù kó rí. Ẹ̀ẹ̀kan nínú méje yẹn ló ba nǹkan jẹ́. Aràn ń ya lu aràn, títí kọ̀ǹpútà fi kún bí ọkọ̀ tó kó èrò jù, tí kò lè gbéra mọ́. Wọ́n fojú bù ú pé nǹkan bí 6,000 ló kàn. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ní láti já ara wọn kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn aṣàyẹ̀wò owó ìjọba ṣírò ohun tó bàjẹ́, wọ́n ní yóò wà láàárín $100,000 sí $10,000,000.

Wọ́n gbé Morris lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ òfin tí wọ́n ṣe lọ́dún 1986. Lọ́dún 1990 wọ́n dá a lẹ́bi. Wọ́n fi í sábẹ́ ìṣọ́ fún ọdún mẹ́ta láì sọ ọ́ sẹ́wọ̀n, wọ́n ní kó ṣiṣẹ́ ìlú fún wákàtí 400, kó sì san $10,050. Lẹ́yìn ìgbà náà ó padà di olùkọ́ ní MIT, ibi tó ti tú aràn sílẹ̀ gan-an. Nínú oṣù kan náà tí ọ̀ràn yìí ṣẹlẹ̀ ni wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní yunifásítì Carnegie Mellon ní ìlú Pittsburgh, tí wọ́n ń pè ní CERT, láti máa kìlọ̀ fún aráyé bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀ níbì kan.

BÍ OLÈ ṢE Ń KAN PÁKÓ WÒ

Báwo ni olè ṣe ń mọ pákó tí wọn ò kàn pa? Mo bèèrè dáadáa. Kì í ṣe oògùn, kì í sì í ṣe àjẹ́. Sùúrù ni.

Èkínní, wọ́n ń kàwé. Ẹ̀rọ tí ẹ bá rà, ìwé ìlànà máa ń tẹ̀ lé e. Àwa máa ń fi í wé ẹ̀pà, àwọn ń kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Púpọ̀ nínú ìwé náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n sì kọ password àkọ́kọ́ ẹ̀rọ sínú ẹ̀.

Èkejì, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn, wọ́n ń fetí sí ìdáhùn. Wọ́n á máa sọ ọ̀rọ̀ lóríṣiríṣi fún ẹ̀rọ: "debug", "test", "admin", "help". Tí ẹ̀rọ bá ní "n ò mọ ọ̀rọ̀ yìí", wọ́n á kọjá sí òmíràn. Tí ẹ̀rọ bá ní "o ò láṣẹ láti sọ ọ̀rọ̀ yìí", olè á rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà níbẹ̀ nìyẹn. Bí ẹni tó kan ògiri, tó gbọ́ pé ibì kan ń dún bí agbè òfìfo.

Ẹ̀kẹta, wọ́n ń tú ètò náà fúnra rẹ̀ wò. Wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí àpò ìrẹsì, wọ́n á máa ṣa àwọn ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé ìlànà àmọ́ tó wà nínú ètò, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ dán wò.

Ẹ̀kẹrin, wọ́n ń fi èyí àtijọ́ wé tuntun. Tí ilé-iṣẹ́ bá ti rí ihò, tí wọ́n dí i, tí wọ́n ní kí gbogbo èèyàn wá gba àtúnṣe, olè á gba àtúnṣe náà, á fi wé ti àtijọ́, á fi mọ ibi tí ihò wà tẹ́lẹ̀. Á wá máa wá àwọn tí kò tíì gba àtúnṣe kiri. Ẹ̀yin tí fóònù yín ti ń bẹ̀ yín láti ọdún tó kọjá pé kí ẹ jẹ́ kí òun tún ara òun ṣe, tí ẹ ń tẹ "ó dìgbà mìíràn", ẹ̀yin ni wọ́n ń wá o.

$20 TÓ DI $5

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó kan owó gan-an. Lọ́dún 2006, ní ìlú Virginia Beach ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan wọ ilé epo tí ẹ̀rọ ATM kékeré kan wà. Kò mú òòlù dání, kò fọ́ nǹkan kan. Nọ́ńbà tó ń ṣí yàrá àwọn tó ni ẹ̀rọ ló tẹ̀. Nígbà tó wọ ibẹ̀, ó sọ fún ẹ̀rọ pé owó tó wà nínú ẹ̀, $5 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ $20 ni ẹyọ kọ̀ọ̀kan.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìṣirò, ẹ bá mi ṣe é. Tí èèyàn bá ní kí ẹ̀rọ fún òun ní $20, ẹ̀rọ á ka ẹyọ mẹ́rin, torí ó rò pé $5 ni ìkọ̀ọ̀kan. Mẹ́rin lọ́nà ogún, $80! $20 péré ni yóò sì yọ nínú àkáǹtì ẹni náà. Ọkùnrin yìí gba tirẹ̀, ó lọ, kò dá ẹ̀rọ padà sí bó ṣe wà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni ẹ̀rọ náà fi ń fún àwọn tó wá lẹ́yìn ẹ̀ lówó báyẹn, kí oníbàárà kan tó bẹ̀rù Ọlọ́run tó lọ sọ fún wọn.

Níbo ló ti rí nọ́ńbà? Nọ́ńbà tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ fi sí i láti ìbẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà lórí ẹ̀. Ó wà nínú ìwé ìlànà, ìwé ìlànà sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó ni ẹ̀rọ kò yí i padà. Ó rà á, ó gbé e kalẹ̀, ó ń jèrè, ó rò pé ó ti parí.

Ọ̀rọ̀ POS náà rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2015, àwọn olùwádìí méjì sọ níbi ìpàdé kan ní San Francisco pé ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó ń ṣe POS ti ń fi nọ́ńbà kan náà sórí ẹ̀rọ rẹ̀ láti ọdún 1990. Wọ́n ní nínú ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yìí tí àwọn ń yẹ̀ wò, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ṣì ń lo nọ́ńbà yẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó sì rò pé tiwọn nìkan ni. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, kọ́kọ́rọ́ kan ṣoṣo fún gbogbo ìsọ̀ tó wà lọ́jà!

Lọ́dún 2015 yẹn kan náà, ní ìparí oṣù kẹsàn-án, olè wọ ilé-iṣẹ́ Patreon ní Amẹ́ríkà, tó ń bá àwọn oníṣẹ́ ọnà gba owó lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ wọn. Ilé-iṣẹ́ náà fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí wọ́n gbà wọlé: ẹ̀dà kan tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń ṣa kòkòrò, tí ó yẹ kó wà nínú yàrá, ló wà níta gbangba níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Ó lé ní mílíọ̀nù méjì èèyàn tí orúkọ àti àdírẹ́sì email wọn bọ́ sígboro. Gbogbo rẹ̀ torí pákó kan tí wọn ò kàn pa.

FÓÒNÙ WA Ń KỌ́?

Fóònù wa kún fún irú ilẹ̀kùn yìí. Ẹ tẹ *#06# wò, ẹ ó rí nọ́ńbà ìdánimọ̀ fóònù yín. Ìyẹn kò léwu, kódà ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí bí wọ́n bá jí fóònù náà, wọ́n lè bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín. Àmọ́ kóòdù mìíràn wà tó léwu. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2012, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Ravi Borgaonkar fi han ayé pé àwọn fóònù Samsung kan ní kóòdù kan nínú tó ń pa gbogbo ohun tó wà lórí ẹ̀ rẹ́, pé olè lè fi kóòdù náà pamọ́ sínú ojú ewé íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé bí fóònù bá ti ṣí ojú ewé náà báyìí, á fúnra rẹ̀ tẹ kóòdù. Ilé-iṣẹ́ náà ṣe àtúnṣe. Ẹni tó gba àtúnṣe bọ́ níbẹ̀.

OHUN TÓ YẸ KÁ ṢE

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. A ò lè di ẹnjiníà lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n àwọn nǹkan wọ̀nyí ò ju agbára wa lọ:

1. Ẹ má tẹ kóòdù tí ẹni tí ẹ ò mọ̀ bá pè fún yín lórí fóònù. Bó ní òun wá láti báńkì, bó ní òun wá láti ilé-iṣẹ́ síìmù, ẹ pa fóònù, kí ẹ fẹsẹ̀ yín rìn dé ọ́fíìsì wọn. Pàápàá jù lọ, kóòdù tó bá ní 21, 61, 62 tàbí 67, tí nọ́ńbà fóònù ẹlòmíì tún wà nínú ẹ̀, ìpè yín ló fẹ́ darí lọ.

2. Ẹ tẹ *#21# kí ẹ pè é. Yóò sọ fún yín bóyá wọ́n ti darí ìpè yín lọ síbì kan. Tí ẹ bá rí nọ́ńbà tí ẹ ò mọ̀, ẹ tẹ ##002#, kí ẹ pè é, ó ń fa gbogbo ìdarí ìpè tu. Òun ló gbà mí lọ́jọ́ yẹn.

3. Ẹ lọ sínú WhatsApp, níbi àtòjọ ètò rẹ̀, kí ẹ fi nọ́ńbà mẹ́fà tirẹ̀ sí i fúnra yín. Èmi ò ní in. Olè ló bá mi fi tirẹ̀ sí i! Ọjọ́ méje ni wọ́n ní kí n dúró kí n tó lè padà wọlé.

4. Ẹ yí nọ́ńbà tó bá ẹ̀rọ wá padà, bóyá ti síìmù ni o, ti POS ni o, ti ẹ̀rọ íntánẹ́ẹ̀tì inú ìsọ̀ ni o. Ẹ̀yin tí ẹ ní POS, ẹ bi ẹni tó kó o fún yín pé, "Ṣé nọ́ńbà yàrá ẹ̀yìn ẹ̀rọ yìí ti yí padà? Ta ló mọ̀ ọ́n?" Ẹ má tijú bèèrè. Owó yín ni.

5. Tí fóònù bá ní òun fẹ́ tún ara òun ṣe, ẹ gbà fún un lálẹ́ tí ẹ bá dé ilé. Ìyẹn ni kíkan pákó ẹ̀yìn pa. Àmọ́ kó jẹ́ fóònù fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ o, kì í ṣe ẹni tó fi ìwé ránṣẹ́ sí yín.

6. Tí ọmọ ẹgbẹ́ bá fi ìwé ránṣẹ́ pé òun ń fẹ́ owó kíákíá, ẹ pè é, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Tí ìpè náà bá ń lọ síbòmíràn, ẹ rán ọmọ lọ sí ìsọ̀ rẹ̀. Ìsọ̀ mi kò ju ogún ẹsẹ̀ bàtà sí ti ọ̀kan nínú àwọn tó fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ká ní ó bojú wẹ̀yìn ni, ì bá rí mi níbi tí mo jókòó sí.

Mo bẹ àwọn aṣáájú wa pé ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí oníkálukú mú fóònù rẹ̀ wá, kí á jọ tẹ *#21# papọ̀. Àwọn ọmọ wa tó mọ̀ ọ́n á ràn wá lọ́wọ́. Kò ní gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, owó tí yóò gbà wá lọ́wọ́ àdánù rẹ̀ sì lè ju èrè ọdún kan lọ.

Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn ti dárí jì mí, a ṣì jọ ń dá àjọ. Àmọ́ lálaalẹ́ tí mo bá ti iwájú ìsọ̀ mi tán báyìí, mo máa ń yí lọ sẹ́yìn, mo máa ń fọwọ́ kan pákó kọ̀ọ̀kan wò kí n tó lọ sílé. Ẹ̀yin náà, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ajé á máa bá wa gbé o. Àṣẹ.